Jíìpù Tọkọtaya

Ọkọ kan fẹ́ BMW X5 tó ń sáré bí ẹ̀fúùfù. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Olówó orí mi, ta ló ń sáré nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkọ̀tún? Níbo làwọn ọmọ, màmá àti àpò gàrí máa wà?" Òótọ́ ni. Àmọ́ ọkọ náà kò ṣẹ̀: ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn ń fẹ́ ọkọ̀ tó lè tètè ya tírélà sílẹ̀. Lójú tèmi, Toyota Highlander 2008 tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn: ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3.5, ìjókòó ìlà mẹ́ta, èèyàn 7. Ó ń mu epo o, epo sì ti wọ́n gan-an láti ọdún 2023. Kí ìyàwó náà wà á wò kí wọ́n tó sanwó ọkọ̀ tòkúnbọ̀ náà.