Irú Ọta Kan, Ìbọn Méjì

Láti ọdún 1878 ni darandaran Amẹ́ríkà ti lè fi irú ọta kan náà bọ́ ìbọn méjì: Winchester gígùn ti 1873 àti Colt ìléwọ́. Irin abẹ́ Winchester ni wọ́n ń tì síwájú, tí wọ́n sì ń fà padà, kí ọta mìíràn tó wọlé. Ìdí ìbọn kò kúrò léjìká. Ó yá, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n inú ihò gígùn lábẹ́ ìbọn ni ọta ń tò sí, imú tẹ̀yìn ń kan ìdí tiwájú. Bí imú bá ṣóńṣó, tí ìbọn sì ta sẹ́yìn, ọta lè bú gbàù mọ́ ọdẹ lọ́wọ́.

Èyí tí wọ́n ń fà bí ìdábùú ilẹ̀kùn lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń tì pinpin. Irú rẹ̀ ni De Lisle tí àwọn kọmándò Gẹ̀ẹ́sì lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ọta ìbọn ìléwọ́ tí kò yára tó ìró ni ó ń jẹ. Ọdẹ tí ẹran ń sá mọ́ lójú nínú igbó dídí, Winchester ló yẹ ẹ́. Ẹni tó lè mú sùúrù kí ó fi ẹyọ kan pa á, kí ó mú onídàábùú.