Nọ́ńbà Tí Ó Wà Lẹ́yìn Sáńpépà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan ẹ̀yin káfíńtà Muṣin, Yábà àti Sùúrùlérè, àti ẹnikẹ́ni tí ń gbé iṣẹ́ fún káfíńtà.

Láyé àtijọ́, ewé ìpín ni àwọn agbẹ́gilére fi ń dán igi, nítorí ara ewé náà rí ṣákaṣàka. Lónìí, sáńpépà ni a ń lò. Ewé ìpín kò ní nọ́ńbà, sáńpépà ní.

Ẹ yí sáńpépà padà. Ẹ ó rí 60, tàbí 80, 120, 180, 220. Nígbà mìíràn lẹ́tà P máa ń ṣíwájú rẹ̀. Nọ́ńbà kékeré ni ó le. Nọ́ńbà ńlá ni ó kúnná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńlá ni ó le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Bí ẹ bá fi 60 parí tábìlì oníbàárà, fáníìṣì yóò fi gbogbo àpá rẹ̀ hàn. Ta ni yóò wá sanwó?

Báyìí ni kí ẹ ṣe. Ẹ fi 80 bẹ̀rẹ̀, kí pákó lè tẹ́jú. Ẹ mú 120 tẹ̀lé e. Ẹ fi 180 parí. Ẹ má ti orí 60 fò sórí 220, nítorí 220 yóò pẹ́ kí ó tó pa àpá 60 rẹ́. Bí ìlà ara igi bá ṣe lọ ni kí ẹ máa fà á, ẹ má dábùú rẹ̀. Ẹ nu eruku kúrò kí ẹ tó mú èyí tí ó kàn.

Àwọn mìíràn ń lo ẹ̀rọ. Irin róbótó bí ìlù wà nínú rẹ̀, a wé sáńpépà mọ́ ọn, pákó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ wé e kí ó fún, kí etí kan má gun èkejì. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bù lára pákó. Bí pákó bá ń jó, tí ó ní ìlà dúdú, eruku àti oje igi ti dí sáńpépà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lára ògiri. Iná tí ó lọ lè dé lójijì, nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

Eruku náà ńkọ́? Nínú ìwé tí ó jáde ní 1995, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé eruku igi ń fa jẹjẹrẹ imú. Ẹ ra ìbomú tí a ṣe fún eruku. Aṣọ lásán kò tó. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré níbẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta sáńpépà, ẹ má kàn sọ pé, “Fún mi ní èyí tó kúnná.” Ẹ kà á fúnra yín. Bí ẹ bá béèrè 180, tí ẹ sì rí 80, ẹ dá a padà kí ẹ tó sanwó. Ní kíláàsì wa tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ègé kan wá, kí a jọ kà á.