Orí Tó Ń Fún Wa Lójoojúmọ́

 

Ọ̀rọ̀ orí fífọ́ la fẹ́ bá ara wa sọ. Kì í ṣe túúlu tó ń mú ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó ń fún orí yíká bíi gèlè tó le jù, tí ọrùn àti èjìká á gan, là ń wí. A jí lóru lọ sí Mile 12, a ru ẹrù, ariwo jẹnẹrétọ̀, owó àjọ, owó ilé ìwé. Kí a tó tẹ́ ọjà, a ti lo oògùn.

Ọ̀kan nínú wa lò ó báyìí lójoojúmọ́ títí ó fi bì ẹ̀jẹ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Gbogbo wa mọ Alabukun, tí Bàbá Jacob Odulate ti Abẹ́òkúta ṣe láti 1918. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ìwúlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n aspirin lójoojúmọ́ lè dá egbò sí ikùn, ẹ má sì fún ọmọdé. Bí oògùn báyìí bá ti ń tó ọjọ́ 10 lóṣù, òun fúnra rẹ̀ lè máa fọ́ni lórí.

Ní Íńdíà, àwọn oníṣègùn Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn, máa ń da òróró lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí iwájú orí díẹ̀díẹ̀. Ṣé àwọn ìyá wa náà kì í fi òrí wọ́ ọrùn ni? Òrí wà lọ́jà wa. Ẹ fi pa ọrùn àti ẹ̀bátí, kí ọmọ bá yín rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ mu omi, ẹ jẹun lásìkò, ẹ sùn. Ìsinmi yẹn ń ṣèrànwọ́. Àmọ́ ẹ má ra ìyẹ̀fun Íńdíà tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC; wọ́n ti rí òjé nínú àwọn kan, májèlé sì ni òjé.

Bí orí bá ṣàdédé fọ́ kọjá èyí tí ẹ mọ̀ rí, tí ojú ń ṣú, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tí apá kan rọ, tàbí ibà pẹ̀lú ọrùn gígan, ọsibítù ni kíákíá. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín pẹ̀lú. Kì í sábà fọ́ni lórí kó tó ṣọṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí aládùúgbò ìsọ̀ máa bá ara wọn wo ọjà lọ́sàn-án, kí oníkálùkù lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìlera loògùn ọrọ̀. Àwa akọ̀wé yín ló ń kí yín.