Ẹ Má Ki Ọwọ́ Bọ Inú Ẹ̀rọ Abẹ́ Síǹkì!

Tòní kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá garbage disposal lábẹ́ síǹkì ilé tẹ́ ẹ rẹ́ǹtì. John Hammes ló ṣe é ní Racine, Wisconsin, lọ́dún 1927.

Kò ní abẹ bíi ti blender o. Irin inú rẹ̀ ń yí, ó ń gbá oúnjẹ mọ́ ògiri rẹ̀ títí yóò fi kúnná. Igi ẹ̀fọ́ á wé mọ́ irin yẹn. Ẹ̀bà àti ìrẹsì á wú nínú páìpù, epo á dì. Inú ike ìdọ̀tí ni kẹ́ ẹ dà wọ́n sí.

Omi tútù ni kẹ́ ẹ ṣí kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ. Omi gbígbóná ń yọ́ ọ̀rá, ọ̀rá á wá lọ dì níwájú.

Tó bá ń kùn tí kò yí ńkọ́? Ẹ pa á, ẹ tún pa iná rẹ̀ níbi breaker. Ọ̀pọ̀ ló ní ihò nísàlẹ̀: ẹ fi Allen key yí i síwá-sẹ́yìn, ẹ fi ẹ̀mú yọ ohun tó há, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnnì pupa.

Ìka ò sí lọ́jà o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!