MÍMỌ ÌGBÀ TÍ Ó TÓ: Oúnjẹ Jíjẹ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Nítorí Sísanra

(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa bá wa sọ ní ìpàdé)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Èmi fúnra mi ni mo yan èyí, nítorí ó ti wọ ilé wa ju bí a ṣe ń sọ ọ́ jáde lọ. Àwọn kan nínú àwọn ènìyàn wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn nítorí sísanra tàbí àtọ̀gbẹ, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní òkúta inú òróòro ni àwọn lọ yọ. Ẹni tí kò bá sọ fún ará ilé, ará ilé náà ni yóò máa bu oúnjẹ rẹpẹtẹ síwájú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, dókítà yóò gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ikùn kúrò. Èyí tí ó kù yóò rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú èkejì, bypass, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè ikùn, tí kò ju ẹyin adìẹ lọ, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀. Dókítà Edward Mason àti Dókítà Chikao Ito ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1960. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ìwọ̀n BMI tí wọ́n fi ń gbani síbi iṣẹ́ abẹ yìí ní ilẹ̀ yìí, 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn bí àtọ̀gbẹ, wọ́n ní kí á fi 2.5 dín in kù fún àwa tí ìdílé wa ti Áfíríkà wá. Ẹni tí wọ́n bá ti dá padà rí lè tún lọ béèrè.)

Ní èdè wa, ẹni tí ó bá yó, ó yó bámúbámú. Ikùn le, a tú ìgbànú, a gùnfẹ̀, a kí ẹni tí ó se oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Ibi tí òun ń lọ ni ibi tí a ń pè ní "ó tó": ebi ti kúrò, ikùn kò sì tíì le. Fún un, ṣíbí kan péré ló wà láàárín méjèèjì. Ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ wà.

Báwo ni ara ṣe ń mọ̀ pé ó tó? Bí oúnjẹ bá ti ń na ara ikùn, iṣan yóò gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Ìfun náà ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, bíi GLP-1, èyí tí abẹ́rẹ́ tuntun tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fara wé. Èròjà mìíràn wà tí ń fa ebi, ghrelin, tí àwọn onímọ̀ ará Japan ṣàwárí ní 1999. Apá ikùn tí wọ́n gé dànù nínú sleeve ló ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ebi fi lè má pa ẹlòmíràn fún oṣù bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n ìròyìn yíyó máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ó tó dé ọpọlọ. Ẹ wo bí àwa ṣe ń jẹun. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, àwo ti mọ́, a ti fọwọ́.

Àmì "ó tó" lè má sí nínú ikùn rárá. Ọ̀pọ̀ ń mọ̀ ọ́n bí ẹni pé nǹkan rọra ń tẹ̀ wọ́n láàárín, lábẹ́ egungun àyà. Ẹlòmíràn á ṣàdédé mí kanlẹ̀. Òmíràn á sín, imú rẹ̀ á máa ṣomi. Òmíràn á gùnfẹ̀ tàbí kí òsúkè mú un. Ó lè pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Kí oníkálukú máa ṣọ́ tirẹ̀. Tí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, á mọ̀ ọ́n. Tí ó bá fi ṣíbí kan lé e, àyà á há, itọ́ á máa hó lẹ́nu, èébì á máa gbé e. Ìyẹn kì í ṣe yíyó mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mélòó kan, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé àmì. Ojú abẹ ṣì wú, ìmọ̀lára kò tíì péye. Ohun mímu ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ lílọ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀. Ìwọ̀n ni kí á máa lò: ṣíbí tíì, àwo kékeré, kí á sì dúró níbi tí ilé ìwòsàn bá ní kí á dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá jù ni òkèlè. Ìwé tí ilé ìwòsàn ń fúnni máa ń dárúkọ búrẹ́dì, pásítà àti ẹran gbígbẹ. Mi ò tíì rí èyí tí ó dárúkọ iyán. Wọ́n ní kí á rún oúnjẹ lẹ́nu ní ogún ìgbà. Ta ló ń rún iyán lẹ́nu nínú wa? A ń gbé e mì ni, ilá àti ewédú á sì bá wa fà á lọ. Òkèlè tí ọwọ́ wa mọ̀, bí a bá gbé e mì sínú àpò tí kò ju ẹyin lọ, ó lè há sí ẹnu ọ̀nà tí ó lọ sínú ìfun. Ẹni tí ilé ìwòsàn bá ti gbà láyè, tí ó sì fẹ́ jẹ ẹ, kí ó gé e kí ó kéré bí èékánná ìka, kí ó rún un bí ẹran, kí ó sì fi ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gé òmíràn. Kò dùn bí ti àtijọ́, mo mọ̀. Bí àwọn àgbà bá ní irú ìjẹkújẹ wo nìyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wí.

Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín ni kí á kọ́kọ́ jẹ, kí á tó kan ẹ̀fọ́, kí ìrẹsì tàbí ẹ̀bà kẹ́yìn. Bí "ó tó" bá dé kí á tó kan ẹ̀bà, kò séwu. Mọ́ínmọ́ín dára púpọ̀, nítorí ó rọ̀, ó sì ń gbé ènìyàn ró.

Àwọn oúnjẹ tí ń yọ̀ kọjá ni ọ̀tá tí kò lariwo: ògì oníṣúgà, áísìkiríìmù, bisikíìtì tí a rì sínú tíì. Wọn kì í dúró nínú àpò náà, nítorí náà àmì kì í dé. Ènìyàn lè máa mu ún láti àárọ̀ dalẹ́, kí ó sì máa yà á lẹ́nu pé òun tún ń sanra. Fún ẹni tí ó ṣe bypass, ṣúgà púpọ̀ tún lè mú kí òógùn bò ó, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, kí inú rẹ̀ sì ṣí. Omi tí a fi ń ti oúnjẹ náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Kí á dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kí á tó mu ún.

Tó bá yá, ní bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ebi á padà dé, ikùn á sì gba díẹ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù pé iṣẹ́ abẹ ti bàjẹ́. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn, ìgbà yẹn sì ni mímọ àmì wúlò jù.

Òde ló le jù. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, mo bẹ̀ yín. Tí ìyàwó ọmọ yín bá jẹ ṣíbí márùn-ún tí ó sì gbé àwo sílẹ̀, kì í ṣe pé ó ń rí ọbẹ̀ yín fín. Mo mọ arábìnrin kan tí ó fi ipá jẹ oúnjẹ ìyá ọkọ rẹ̀ tán nítorí ìtìjú. Ilé ìwẹ̀ ni ó ti parí ìsọmọlórúkọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ, àṣà wa ti fún yín ní ọ̀nà àbáyọ: ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sọ pé, "Ẹ bá mi dì í, mà." Kò sí ìyá tí ìyẹn máa ń bí nínú.

Ẹ má fi èébì ṣeré o. Bí omi pàápàá kò bá dúró nínú ènìyàn, kí ó pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Èébì tí ó bá ń bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè tán fítámì B1 lára, kí ó sì ba ọpọlọ àti iṣan jẹ́. Bí ó bá jẹ́ kété lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí ara gbóná, tí àyà ń sáré, tí inú sì ń dunni gidigidi, ẹ pe 999. Ẹni tí ó bá ṣe tirẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, ilé ìwòsàn yẹ kí ó máa tẹ̀ lé e fún ọdún méjì ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí dókítà àdúgbò máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ṣe é ní Tọ́kì nítorí owó, ẹ lọ sọ fún dókítà yín. Kò ní bá yín jà. Ó nílò láti mọ̀, kí ó lè máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Àwo kékeré àti ṣíbí tíì tí mo ń sọ wà lórí tábìlì lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bi mí ní nǹkan níkọ̀kọ̀, kí ó wá bá mi níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.