Olódo Kọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ tí Ìwé Kíkà Ṣòro Fún

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ní Ìmínì, Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ilé-kéwú, ẹ̀yin tíṣà ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ òní dá lé ọmọ kan tí kò sí ilé-kéwú tí kò tíì ní irú rẹ̀ rí, yálà ní Ìmínì níbí, ní Ìlọrà tàbí ní Fìdítì.

Ọmọ náà ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ohùn rẹ̀ ni ó máa ń ga jù nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kéwú pọ̀. Bí a bá ní kí ó ka Fátíhà, yóò kà á láìṣì kan; bí a bá ní kí ó ka àwọn súrà kéékèèké, yóò kà wọ́n bí ẹni ń mu omi. Àáfáà ń yìn ín, ìyá rẹ̀ ń yangàn. Ní ọjọ́ kan, àáfáà ṣí àárín ojú-ewé, ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan, ó ní kí ó kà á. Ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ súrà náà láti òkè, ó ń kà á bọ̀ kíákíá kí ó lè bá ọ̀rọ̀ náà pàdé. Nígbà tí àáfáà fi ọwọ́ bo òkè ojú-ewé, gbogbo rẹ̀ parí. Etí ni ọmọ yìí ti fi ń kéwú láti ọdún mẹ́ta wá, kì í ṣe ojú.

Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Pàṣán ni àkọ́kọ́. Orúkọ ni èkejì: olódo, arìndìn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àgbà ilé yóò máa wí pé ayé ni ó ń ṣe é, tí owó tí à bá fi ra ìwé fún un yóò máa gba ọ̀nà ilé aláwo lọ, tàbí ọ̀nà ilé àáfáà tí ń fi hàntú wo orí ọmọ. Ní ìgbẹ̀yìn, a ó mú un kúrò nílé-ìwé, a ó fi í sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ kò burú; bírikìlà àti káfíńtà ni ó kọ́ mọ́sáláásí tí à ń kírun nínú rẹ̀. Ohun tí ó burú ni ìgbàgbọ́ tí ọmọ náà gbé lọ sí ibi iṣẹ́, pé Ọlọ́hun kò fún òun ní ọpọlọ. Irọ́ ni, ó sì ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti fi hàn pé irọ́ ni.

Ní 1896, dókítà kan ní ìlú Seaford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Pringle Morgan, kọ̀wé sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tí à ń pè ní Percy. Ọmọ náà já fáfá, kò rẹ̀yìn nínú eré, ó mọ ìṣirò, ojú rẹ̀ sì ríran dáadáa. Ọdún méje ni wọ́n ti fi ń kọ́ ọ níwèé, síbẹ̀ agbára káká ni ó fi ń ka àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú. Nígbà tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀, “Precy” ni ó kọ, kò sì fura pé òun ṣì í. Olùkọ́ rẹ̀ sọ pé bí ó bá ṣe pé ẹnu nìkan ni a fi ń kọ́ni ni, òun ni ì bá mọ̀ jù nílé-ìwé náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn wé ọmọ tí ó ń ka Fátíhà.

Ní 1963, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Kirk bá àwọn òbí tí ọmọ wọn rí báyìí sọ̀rọ̀, ó sì fún ìṣòro náà ní orúkọ tí ayé ń lò títí di òní. Ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ni ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé, tí ó ń ríran, tí ó ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n tí ohun kan pàtó, bí ìwé kíkà, ìwé kíkọ tàbí ìṣirò, ṣòro fún ju bí ó ti yẹ lọ.

Níbo ni ìdí rẹ̀ wà? Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìwé kíkà ṣòro fún, kì í ṣe inú ojú, bí kò ṣe inú bí ọpọlọ ti ń la ọ̀rọ̀ sí ìró. Ẹ bi ọmọ tí ó ti ń kàwé pé: bí a bá yọ ìró “b” kúrò níwájú “bàtà”, kí ni ó kù? Yóò dáhùn pé “àtà”. Ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa wo ẹnu yín lásán. Létí tirẹ̀, odidi kan ni “bàtà”, bí òkúta. Kò rí ibi tí ó ti lè là á. Bí kò bá sì lè la ọ̀rọ̀ sí ìró, kí ni yóò so mọ́ lẹ́tà? Ìṣòro yìí tún máa ń rìn nínú ìdílé. Bàbá tí ń na ọmọ nítorí ìwé, bí ó bá rántí ìgbà èwe tirẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ó ju pàṣán sílẹ̀.

Lẹ́tà Lárúbáwá kò ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bá, tá àti thá, ìrísí kan náà ni nígbà tí a bá kọ wọ́n. Àmì kékeré ni ó yà wọ́n, ọ̀kan nísàlẹ̀, méjì lókè, mẹ́ta lókè. Lẹ́tà kan náà tún ń pa ìrísí dà bí ó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín tàbí ní ìparí ọ̀rọ̀. Yorùbá rọrùn díẹ̀, nítorí bí a ti ń pè é ni a ń kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igba, igbá àti ìgbà ń dúró de ẹni tí kò ka àmì ohùn sí. Èdè Jámánì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ní 1993, Heinz Wimmer tẹ ìwádìí kan jáde láti Austria, níbi tí wọ́n ti ń sọ Jámánì: àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ṣòro fún níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kà, wọ́n kàn ń lọ́ra púpọ̀ ni. Èyí yẹ kí ó ta tíṣà Yorùbá lólobó. Ọmọ tí ó ka gbólóhùn kan tí kò ṣì í, ṣùgbọ́n tí ó fi odidi ìṣẹ́jú méjì kà á, kò yẹ kí a gbójú fò ó.

Àmọ́ ṣá, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí kò mọ̀wé kà ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Kí a kọ́kọ́ mú un lọ sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ojú àti etí. Etí tí ń ṣọyún láti kékeré ti pa ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lára. Kí a bi ìyá rẹ̀ bóyá gìrì ti mú un rí. Ìwádìí kan láti Kampala ní Uganda, tí ó jáde ní 2008, tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí ibà ti wọ ọpọlọ wọn: lẹ́yìn ọdún méjì, bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni àléébù ṣì wà lára ìfọkànsí, ìrántí tàbí kíkọ́ nǹkan wọn. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí ọmọ ń sùn sábẹ́ rẹ̀, ara ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni.

Èdè ńkọ́? Ọmọ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì bi léèrè, tí kò dáhùn, ó lè jẹ́ pé ìbéèrè ni kò yé e. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nítorí náà, kí a fi Yorùbá dán ọmọ wò ná.

Kí wá ni ṣíṣe? Láàrin ọdún 1930 sí 1940, Anna Gillingham, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ó bá Dókítà Samuel Orton ṣiṣẹ́, ṣètò ọ̀nà ìkọ́ni kan: ọmọ yóò wo lẹ́tà, yóò pe ìró rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ kọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan náà, ìró kan yóò sì dúró ṣinṣin kí a tó mú òmíràn. Ní 2000, ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò, ó sì rí i pé kíkọ́ ìró mọ́ lẹ́tà ní ìtòtẹ̀léra ń ran ọmọ lọ́wọ́, pàápàá bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti lo wàláà rí yóò rẹ́rìn-ín. Ojú ń wò, ẹnu ń pè, ọwọ́ ń kọ, a ó fọ̀ ọ́ nù, a ó tún un kọ: ohun tí àwọn àáfáà àtijọ́ ní lọ́wọ́ kò jìnnà sí èyí. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni kí ogójì ọmọ máa pariwo pa pọ̀, kí èyí tí kò mọ̀ máa fi ohùn àwọn yòókù bora.

Pàṣán kò sí nínú ìtọ́jú wọ̀nyí. Àdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Àíṣà fi yé ni pé ẹni tí kíka Àlùkùránì ṣòro fún, tí ó ń kólòlò nínú rẹ̀, láádá méjì ni tirẹ̀. Ẹni tí a ṣèlérí láádá méjì fún, kí ni àáfáà rí tí ó fi ń fún un ní ẹgba méjìlá?

Ìmínì kò jìnnà sí Ọ̀yọ́, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977 wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ti afọ́jú àti adití nìkan ni. A ń kọ́ àwọn olùkọ́ nípa ọmọ tí ẹ̀kọ́ ṣòro fún pẹ̀lú níbẹ̀. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn tí ó ní ìpèníjà ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ìparí sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n ọmọ wa yìí kò fi ọ̀pá rìn, kò sì fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó rántí rẹ̀ nígbà tí a bá ń ka òfin.

Kí a tó dé Ọ̀yọ́, iṣẹ́ kan wà tí olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, kí ó pe ọmọ náà sápá kan, kì í ṣe níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Kí ó mú lẹ́tà mẹ́ta, kí ọmọ máa pe ìró wọn, kí ó máa fi ìka kọ wọ́n sórí yanrìn, lẹ́yìn náà kí ó so wọ́n pọ̀. Ojú-ewé tí ọmọ náà kò tíì há sórí ni kí ó lò, kí ìrántí má baà máa dáhùn fún ojú. Kí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ kà, kí ó sì tọ́jú ìwé náà títí di oṣù mẹ́ta.