Baṣọ̀run Gáà, Ìjòyè tí ó Ju Ọba Lọ
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ailegun, lẹ́bàá Ìsọlọ̀)

Àwọn kan nínú yín bi mí léèrè pé èwo ni ó burú jù, ọba tí ń ni ará ìlú lára ni, tàbí ìjòyè tí ó gba agbára lọ́wọ́ ọba? Ìtàn Gáà, Baṣọ̀run Ọ̀yọ́, ni n ó fi dá wọn lóhùn.

Baṣọ̀run ni olórí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje. Òun ni ó ń ṣáájú nínú yíyan Aláàfin, òun náà ni ó sì ń kéde fún ọba, nígbà tí ìlú bá kọ̀ ọ́, pé kí ó lọ sùn. Òfin tí ó dára ni, nítorí kò yẹ kí ọba kankan wà láìsí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gáà gorí oyè ní 1754, kò sí ẹni tí ó lè dá Baṣọ̀run náà lẹ́kun.

Ẹ má rò pé ará ìlú kórìíra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ìwà ìkà àwọn ọba ti sú wọn, ọ̀pọ̀ sì sá sábẹ́ ààbò rẹ̀. Wọ́n ní ó lóògùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè di ẹkùn tàbí erin. Ìbáà ṣe òtítọ́, ìbáà ṣe irọ́, ìbẹ̀rù tí ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀ ni oògùn tí ó ṣiṣẹ́ jù.

Ọjọ́ 17 péré ni Lábísí rí lò. Awónbíojú lo 130 ọjọ́, nítorí ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè ara rẹ̀. Agbólúajé tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà Májẹ̀ógbé. Gáà ni ó fi gbogbo wọn jẹ, òun náà ni ó sì ṣe ikú pa wọ́n.

Àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó sí àwọn ìlú ńláńlá, ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó wọ ààfin sì ń wọ ilé wọn. A gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn di ẹrù tí ó wúwo jù fún aláàárù kan, ó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń fi ìyà rẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Ó ní ọrùn ọkùnrin náà ti ki tó bẹ́ẹ̀ tí òun kò mọ̀ bí idà yóò bá lè gé e. Ó sì fa idà yọ láti dán an wò. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń kọ ebè, tí ẹ ń wa iṣu, ẹ mọ ohun tí ẹrù jẹ́ lórí ènìyàn.

Ní ilẹ̀ Swídìn, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Torgils Knutsson bójú tó ìjọba láti 1290, nítorí ọmọdé ni Birger nígbà tí ọba bàbá rẹ̀ kú. Ní 1306 ni wọ́n bẹ́ Torgils lórí. Ṣùgbọ́n ó ní àwíjàre, ọmọdé ni ó dúró fún. Àgbàlagbà ni gbogbo àwọn tí Gáà tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Abíọ́dún, ẹni karùn-ún, kọ́ sùúrù. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń lọ kí Gáà bí ẹni tí ń kí baba rẹ̀. Ìtàn sọ pé nígbà tí Gáà ń wá agbọ̀nrín fún oògùn, Agbọ̀nyín, ọmọbìnrin ọba, ni wọ́n mú dípò rẹ̀. Abíọ́dún yọ́ jáde lóru, ó sì dé ọ̀dọ̀ Ọyabi, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní Àjàṣẹ́. Ní 1774, ní ọjọ́ kan tí wọ́n dá, wọ́n pa àwọn ọmọ Gáà káàkiri, ogun sì wọ Ọ̀yọ́. Gáà ti darúgbó, ó ti yarọ. Wọ́n mú un, wọ́n sì pa á. Ọmọ rẹ̀ kan, Òjó Agúnbáńbárù, sá lọ sí ilẹ̀ Bàrìbá.

Abíọ́dún jọba títí di 1789, ayé sì rọrùn. Síbẹ̀ èmi kò yọ̀ bí àwọn kan ti ń yọ̀, nítorí ogun ni wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní nǹkan bí 1796, Kakaǹfò mìíràn, Àfọ̀njá, wà lára àwọn tí ó fi ogun kọjú sí Aláàfin Aólẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí akápò ẹ̀ka yìí gbé ìwé owó wá lónìí, kí ó sì kà á sókè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá san owó ẹgbẹ́ lè béèrè ohun tí ó bá wù ú, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ alága pàápàá.